Ìgbì Inú Rúdurùdu: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹlẹ́kítíróònù àti Ìmọ́lẹ̀ Nínú Ohun Tí Kò Létò

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí nìwọ̀nyí. Mi ò pín àyè fún wọn dọ́gbadọ́gba: èyí tó gba àlàyé ni mo tú palẹ̀, èyí tí kò gbà á ni mo dáhùn wéré.

Kí ni ẹ ń pè ní ohun tí kò létò?

Nínú kírísítálì, àwọn átọ́ọ̀mù tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá mọ ibi tí mẹ́wàá wà, ẹ lè tọ́ka sí ibi tí ẹgbẹ̀rún tó kù wà. Ohun tí kò létò ni èyí tí ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ ka ọ̀dà funfun, wàrà, kùrukùru, bébà, egungun àti awọ ara mọ́ ọn. Ní ti iná mànàmáná, ẹ ka irin tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ irin mìíràn, fíìmù irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, àti sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n bu fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ sí.

Ẹ wo wàrà dáadáa. Kì í ṣe pé ohun funfun kan wà nínú rẹ̀. Omi inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ohun tó sọ ọ́ di funfun ni pé ìmọ́lẹ̀ ń kọlu àwọn ẹ̀kán ọ̀rá kéékèèké, ó ń yà, ó tún ń yà, títí gbogbo àwọ̀ fi pọ̀ jáde padà lójú kan náà. Ọ̀dà funfun náà rí bẹ́ẹ̀.

Ó yé mi pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ẹlẹ́kítíróònù ńkọ́? Ṣebí wóró ni?

Ó ń hùwà bíi wóró, ó sì ń hùwà bí ìgbì. Louis de Broglie ló dá àbá yìí ní 1924. Ní 1927, Clinton Davisson àti Lester Germer ta ẹlẹ́kítíróònù lu kírísítálì níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí i pé àwọn igun kan pàtó ni wọ́n ń tà gbọ̀n-ọ́n-ràn sí, gẹ́gẹ́ bí ìgbì ṣe ń ṣe. George Thomson rí irú ẹ̀rí kan náà lọ́dún yẹn nígbà tí ó ta á la fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá.

Ohun tó yàtọ̀ ni gígùn ìgbì wọn. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí wà láàárín nánómítà 400 sí 700 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà). Ìgbì ẹlẹ́kítíróònù inú bàbà kò ju nǹkan bí ìdajì nánómítà lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ojú lásán rí iṣẹ́ ìdàpọ̀ ìgbì lára ògiri, tó sì jẹ́ pé ti ẹlẹ́kítíróònù ń gba òtútù líle àti ẹ̀rọ kékeré kí ó tó fara hàn.

Ṣebí rúdurùdu ló yẹ kó ba ìdàpọ̀ ìgbì jẹ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò nìyẹn, àwọn onímọ̀ físíìsì pàápàá rò ó fún ìgbà pípẹ́. Èmi gbà pé orí kókó yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n má sáré.

Nígbà tí ìgbì méjì bá pàdé, gíga wọn la ń ròpọ̀. Bí òkè bá pàdé òkè, ìgbì náà ga sí i. Bí òkè bá pàdé kòtò, wọ́n á pa ara wọn. Ibi tí ìgbì kan dé nínú lílọ sókè sódò rẹ̀ ni a ń pè ní fáàsì rẹ̀, fáàsì yìí ló sì ń pinnu bóyá wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́ tàbí wọ́n á pa ara wọn.

Ìkọlù wá pín sí oríṣi méjì. Nínú èkíní, ìgbì kọlu ohun tó dúró sójú kan. Ó yà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dín, kò sì pọ̀. Fáàsì rẹ̀ yí lóòótọ́, àmọ́ iye pàtó kan ló yí: bí ẹ bá tún rán ìgbì kan náà gba ọ̀nà kan náà lọ́la, iye yẹn náà ni yóò yí. Nínú oríṣi kejì, ìgbì kọlu ohun tó ń mì, ó gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ó fún un. Ìyípadà fáàsì ibẹ̀ kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, ti ìṣẹ́jú yìí sì yàtọ̀ sí ti èyí tó ń bọ̀.

Oríṣi kejì yìí ló ń pa ìdàpọ̀ ìgbì. Èkíní kì í pa á, ó kàn ń lọ́ ọ pọ̀ ni, débi tí ojú kò fi tètè dá a mọ̀. Ìgbì lè kọlu nǹkan lẹ́ẹ̀mẹwàá tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-lọ́nà-ẹgbẹ̀rún, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ohun tó kọlù bá dúró jẹ́ẹ́, kò sọ ohunkóhun nù nínú ìrántí rẹ̀.

Ṣé mo lè fi ojú ara mi rí èyí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mú lésà kékeré tí wọ́n fi ń tọ́ka sí pátákó, ẹ tàn án sára ògiri funfun. (Ẹ má tàn án sójú ẹnikẹ́ni o.) Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bà kò ní mọ́lẹ̀ dọ́gba. Ẹ óò rí àmì tótòtó lára rẹ̀, àwọn kan ń dán, àwọn kan dúdú, wọ́n kéré bí iyanrìn. Ẹ mi orí díẹ̀, wọ́n á máa rìn. Ògiri náà ń rán ìgbì wá láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi tí kò tẹ́jú dọ́gba, àwọn ìgbì náà sì ń pàdé nínú ojú yín: ní àmì tó ń dán wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, ní èyí tó dúdú wọ́n pa ara wọn. Ìgbà tí lésà dé ní 1960 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí i. Iná gílóòbù kì í fi í hàn nítorí pé àwọ̀ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwòrán àwọ̀ kan a sì bo ti èkejì mọ́lẹ̀.

Nínú wàrà ńkọ́? Ṣebí àwọn ẹ̀kán ọ̀rá ibẹ̀ ń rìn?

Wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yára jù wọ́n lọ jìnnà. Kí ìmọ́lẹ̀ kan tó wọlé kó sì jáde kò ju nánósẹ́kọ́ńdì mélòó kan lọ, ẹ̀kán ọ̀rá kò tíì kúrò lójú kan láàárín àkókò yẹn. Nítorí náà, ní àkókò kúkúrú kọ̀ọ̀kan, àmì tótòtó náà wà níbẹ̀ pátápátá. Ó kàn ń yí padà kíákíá ju bí ojú ṣe lè tẹ̀lé e lọ. Àwọn oníṣègùn ti rí èrè jẹ nínú èyí: wọ́n á tan lésà sára awọ tàbí ọpọlọ, ibi tí àmì náà bá ti ń yí kíákíá ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn kíákíá.

Kí ló tiẹ̀ ń fa ìdènà iná nínú irin?

Ní 1900, Paul Drude rò pé ńṣe ni ẹlẹ́kítíróònù ń kọlu àwọn átọ́ọ̀mù bó ṣe ń lọ. Ní 1928 Felix Bloch fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: bí átọ́ọ̀mù bá tò lẹ́sẹẹsẹ láìsí àbùkù, ìgbì ẹlẹ́kítíróònù á gba àárín wọn kọjá láìsí ìdènà kankan. Ètò kì í dènà. Àbùkù inú ètò náà ni, àti gbígbọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù nítorí ooru.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ka ìrìn ẹlẹ́kítíróònù sí ìrìn ọ̀mùtí: ó rin díẹ̀, ó kọsẹ̀, ó yà síbi tó bá ṣáà ti yà sí, ó tún rin díẹ̀. Wọ́n ń ka ìrìn ìmọ́lẹ̀ inú ọ̀dà sí bẹ́ẹ̀ náà. Ìṣirò yìí sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń rin nǹkan bíi máíkírómítà kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) kó tó gbàgbé ọ̀nà tó ń lọ, tí ọ̀dà náà sì nípọn tó mìlímítà kan, apapọ̀ ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn kó tó yọ lódì kejì á tó nǹkan bíi mítà kan! Nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún péré ló sì máa yọ níbẹ̀. Ìyókù padà síbi tó ti wá. Ìdí tí ọ̀dà fi ń bo ògiri mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ìrìn ọ̀mùtí kò kà kún ni fáàsì.

Kí ni fáàsì wá fi kún un? Ṣebí ọ̀nà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á kàn pa ara wọn rẹ́?

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pa ara wọn rẹ́ lóòótọ́, bí a bá wo àpapọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rúdurùdu. Àmọ́ àwọn méjì-méjì kan wà tí kò ṣeé pa rẹ́.

Ẹ fojú inú wo ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ọ̀dà. Ó kọlu wóró A, ó yà lọ bá B, ó lọ bá D, ó sì jáde padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an. Ìgbì yẹn kan náà ní apá mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì: ó kọ́kọ́ bá D, ó lọ bá B, ó fi A parí, òun náà sì jáde padà. Gígùn ọ̀nà àwọn méjèèjì dọ́gba, àwọn wóró kan náà ni wọ́n kọlù. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Fáàsì wọn ò ṣáà ní yàtọ̀. Ibi yòówù kí A, B àti D wà, ọ̀rọ̀ yìí ò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní gíga ìgbì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Agbára ìmọ́lẹ̀ ni gíga náà tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí wóró lásán ni wọ́n, agbára èkíní 1, ti èkejì 1, àpapọ̀ 2. Ṣùgbọ́n ìgbì ni wọ́n: gíga la kọ́kọ́ ń ròpọ̀, 1 àti 1 di 2, 2 lọ́nà 2 sì di 4. Ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀mùtí sọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá kúrò ní igun tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé, gígùn ọ̀nà àwọn méjèèjì ò tún dọ́gba mọ́, èrè náà á sì pòórá díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti wọ̀n ọ́n?

Yasuo Kuga àti Akira Ishimaru rí ìmọ́lẹ̀ àfikún yìí ní 1984, níbi tí wọ́n ti ń tan lésà sí omi tí wóró kéékèèké kún inú rẹ̀. Ní 1985, Meint van Albada àti Ad Lagendijk ní Netherlands, àti Pierre-Étienne Wolf àti Georg Maret ní ilẹ̀ Faransé, wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀. Ní igun tó padà sẹ́yìn gan-an, ìmọ́lẹ̀ náà ń ga bí ṣóńṣó orí òkè. Ṣóńṣó náà kì í fẹ̀: tí ìmọ́lẹ̀ bá ń rìn tó máíkírómítà 20 kó tó gbàgbé ọ̀nà, fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin digíríì kan. Ẹ lè rí ìdí tí kò fi tètè fojú hàn.

Àwọn onímọ̀ sánmà náà gbọ́ sí i. Òṣùpá àti àwọn òrùka Saturn máa ń mọ́lẹ̀ lójijì ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn wa gan-an. Apá kan nínú rẹ̀ ni pé òjìji ń fara pamọ́ sẹ́yìn ohun tó ní in nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ka ìmọ́lẹ̀ àpadàsẹ́yìn yìí mọ́ ohun tó ṣe apá yòókù.

Ẹlẹ́kítíróònù ńkọ́? A ò kúkú lè tan án sára ògiri.

Tirẹ̀ ni pé ó ń padà síbi tó ti kúrò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń padà sílé ṣáá kò lè tètè débi tó ń lọ, nítorí náà ìdènà iná ń pọ̀ sí i. Ìhámọ́ díẹ̀ ni mo máa ń pe èyí. Nínú fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́, bí òtútù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdènà ń rọra pọ̀, dípò kí ó dín.

Mágnẹ́ẹ̀tì ló tú àṣírí rẹ̀. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì ń yí fáàsì ẹni tó ń lọ sápá kan, ó sì ń yí ti ẹni tó ń bọ̀ sí òdì kejì. Ìṣọ̀kan àwọn méjèèjì bà jẹ́, ìhámọ́ tú, ìdènà iná sì lọ sílẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì tó mú kí iná rìn geerege ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jẹ́ ohun àjèjì nínú irin lásán, òun ni ẹ̀rí tí wọ́n ń wò títí di òní.

Èyí tó wù mí jù ni ti òrùka. Ní 1981, D. Yu. Sharvin àti Yu. V. Sharvin fi irin magnésíọ̀mù bo okùn tín-ín-rín kan, ó di bíi páìpù, wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì la inú rẹ̀ kọjá, ìdènà iná rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ní 1985 Richard Webb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú òrùka wúrà kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó máíkírómítà kan, nínú òtútù tí kò tó kelvin 1 (nǹkan bíi digíríì −272). Ìdènà tirẹ̀ náà lọ sókè sódò, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi tésílà 0.008 kọ̀ọ̀kan (tésílà ni wọ́n fi ń wọn agbára mágnẹ́ẹ̀tì). Ṣùgbọ́n ìlọsókè-sódò Sharvin yára ní ìlọ́po méjì bí a bá ka agbára mágnẹ́ẹ̀tì tó gba inú ihò kọjá: tiwọn jẹ́ h/2e, ti Webb jẹ́ h/e, níbi tí h jẹ́ iye Planck, iye kan tí kì í yí padà nínú físíìsì, tí e sì jẹ́ iye iná tó wà lára ẹlẹ́kítíróònù kan.

Kí ló fà á? Nínú òrùka kan ṣoṣo, ẹlẹ́kítíróònù pín sí méjì, ìdajì gba ọ̀tún, ìdajì gba òsì, wọ́n pàdé lódì kejì. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àbùkù wọn ò sì bára mu. Páìpù gígùn dà bí ọ̀pọ̀ òrùka tó wà lórí ara wọn, tí ti ọ̀kan ń pa ti èkejì rẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ti ìgbì tó yí òrùka po tán tó padà sílé, ọ̀kan gba ọ̀tún yí i po, ọ̀kan gba òsì: ọ̀nà kan náà, lílọ àti bíbọ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ní IBM tún fi òrùka fàdákà tó tò tẹ̀lé ara wọn dán an wò ní 1986: bí òrùka ṣe ń pọ̀ ni h/e ń kú, h/2e kò mira.

Ṣé ìdàpọ̀ yìí lè dín ìdènà kù dípò kó mú un pọ̀?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú irin tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo, bíi wúrà, ìyípo ẹlẹ́kítíróònù (ìwà rẹ̀ tó dà bíi pé ó ń pòyì lójú kan, tó sọ ọ́ di bíi mágnẹ́ẹ̀tì kékeré) ń yí apá tó kọjú sí bó ṣe ń kọlu nǹkan, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ á wá máa pa ara wọn níbi tí wọ́n ti gbéra. Shinobu Hikami, Anatoly Larkin àti Yosuke Nagaoka ṣírò rẹ̀ ní 1980, Gerd Bergmann sì fi hàn kété lẹ́yìn náà: ó wọ́n wúrà bín-ín-tín sórí fíìmù magnésíọ̀mù, ìdènà tí mágnẹ́ẹ̀tì ń mú lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì wá ń lọ sókè.

Kí ni Anderson sọ ní 1958 tí ariwo rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Philip Anderson, onímọ̀ físíìsì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà nígbà náà, níbi tí George Feher ti ń wọn bí ìyípo ẹlẹ́kítíróònù inú sílíkọ́ọ̀nù tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe ń hùwà. Ìyípo náà ń pẹ́ níbi tó wà ju bí ìṣirò ìgbà yẹn ṣe ní kó pẹ́ lọ. Anderson wá fi ìṣirò hàn pé bí rúdurùdu bá pọ̀ kọjá ìwọ̀n kan, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti pé ìrìn falẹ̀ mọ́. Ìrìn dúró pátápátá ni. Ìgbì ẹlẹ́kítíróònù náà kóra jọ sí àdúgbò kan, bí ẹ bá sì ṣe ń jìnnà sí àdúgbò yẹn ni gíga rẹ̀ ń já wá sílẹ̀ kíákíá.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìdènà lásán hàn nínú ìṣirò. Nínú irin lásán, bí ẹ bá sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ohun tó ń kọjá á dín sí ìdajì. Nínú ohun tó ti hámọ́, bí gígùn kan bá jẹ́ kí ìdá kan nínú 100 kọjá, ìlọ́po méjì gígùn náà á jẹ́ kí nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 kọjá, ìlọ́po mẹ́ta á sì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan.

Ìwọ̀nba ènìyàn ló kọbi ara sí i lákọ̀ọ́kọ́. Nevill Mott wà lára wọn, òun àti Anderson àti John Van Vleck ni wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977.

Rúdurùdu mélòó ló tó láti hámọ́?

Ó dúró lé iye apá tí ìgbì lè rìn sí: ọ̀kan lórí ìlà, méjì lórí ohun pẹlẹbẹ, mẹ́ta nínú ohun tó nípọn. Ní 1979, Elihu Abrahams, Anderson, Don Licciardello àti T. V. Ramakrishnan dábàá pé lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí lórí fíìmù pẹlẹbẹ, rúdurùdu tó kéré jù lọ pàápàá á hámọ́ bí ohun náà bá tóbi tó, bí òtútù bá sì pọ̀ tó. Nínú ohun tó nípọn, ààlà wà: níwájú rẹ̀ irin ni, lẹ́yìn rẹ̀ kì í gbé iná.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro bí ẹ bá ti gba ọ̀rọ̀ lílọ àti bíbọ̀ gbọ́. George Pólya ti fi hàn ní 1921 pé ọ̀mùtí tó ń rìn lórí ìlà tàbí lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tó tò bíi bátánì onígun mẹ́rin, á padà síbi tó ti gbéra dandan, bó pẹ́ bó yá. Ní apá mẹ́ta, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí pé yóò padà láéláé. Níbi tí ìpadàsílé bá ti dájú ni èrè ìlọ́po méjì yẹn ti ń pọ̀ jọ títí yóò fi dí ọ̀nà.

Fún ohun tó nípọn, òfin tí wọ́n fi ń ṣe àfọwọ́wọ̀n ni ti Abram Ioffe àti Anatoly Regel, 1960: ìhámọ́ ń sún mọ́lé nígbà tí ìgbì kò bá rí àyè rìn tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà gígùn ara rẹ̀ kó tó kọlu nǹkan mìíràn. Fún ìmọ́lẹ̀ pupa, nánómítà 100 nìyẹn.

Kí ló dé tí wáyà ojoojúmọ́ kò fi hámọ́?

Nítorí ooru. Àwọn átọ́ọ̀mù ń gbọ̀n, fáàsì ń dàrú kí ìgbì tó rìn jìnnà. Àbùkù inú bàbà pẹ̀lú kéré jù. Nínú òtútù hẹ́líọ̀mù olómi, nǹkan bíi digíríì −269, ìrántí ẹlẹ́kítíróònù lè dé máíkírómítà kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, níbẹ̀ ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ ti hámọ́ rí?

Gbọ́nmi-si-omi-ò-to ibẹ̀ kò kéré. Sajeev John ti dábàá rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, Anderson náà kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1985. Ní 1997, Diederik Wiersma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ti há ìmọ́lẹ̀ mọ́ inú ìyẹ̀fun gálíọ̀mù ásẹ́náìdì. Láìpẹ́ àwọn mìíràn tako wọn: bí ìyẹ̀fun náà bá ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì díẹ̀, ohun tí wọ́n rí á rí bẹ́ẹ̀ náà. Ní 2006 ẹgbẹ́ Maret mú ẹ̀rí mìíràn wá láti inú ìyẹ̀fun táíténíọ́ọ̀mù dáyọ́ksáídì, ohun tó ń sọ ọ̀dà di funfun. Ní 2016 ẹgbẹ́ kan náà jẹ́wọ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ ń tú jáde lẹ́yìn tí wọ́n tan lésà sí i ló fa ohun tí wọ́n rí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an fún èyí.

Ìṣòro mìíràn tún wà nísàlẹ̀. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ ní apá tó ń mì sí, ẹlẹ́kítíróònù tí Anderson ṣírò kò ní i. Ní 2014, Sergey Skipetrov àti Igor Sokolov fi ìṣirò hàn pé nítorí apá yìí, ìmọ́lẹ̀ kò ní hámọ́ láàárín àwọn wóró kéékèèké, bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ra tó. Ní 2023, Alexey Yamilov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo kọ̀ǹpútà láti fi hàn pé ó lè hámọ́ láàárín bọ́ọ̀lù irin tó wọnú ara wọn. Nínú ohun tó nípọn, ìṣirò ṣáájú ìdánwò.

Àwọn ìgbì mìíràn kò ṣe agídí tó bẹ́ẹ̀. Ní 2007, ẹgbẹ́ Mordechai Segev ní Ísírẹ́lì há ìmọ́lẹ̀ mọ́ ní apá méjì péré, nínú kírísítálì tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ya bátánì rúdurùdu sí. Ní 2008, ẹgbẹ́ John Page ní Kánádà há ohùn tí etí kì í gbọ́ mọ́ àárín bọ́ọ̀lù alumíníọ́ọ̀mù kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Alain Aspect ní Faransé àti ti Massimo Inguscio ní Ítálì há átọ́ọ̀mù mọ́ lójú kan nínú òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin òtútù. Ti Faransé dùn mọ́ mi nínú: àmì tótòtó lésà ni wọ́n lò gẹ́gẹ́ bíi rúdurùdu. Níbí, ìmọ́lẹ̀ ló wá di ìdènà, tí átọ́ọ̀mù sì di ìgbì.

Ìmọ́lẹ̀ tó hámọ́ àti ìmọ́lẹ̀ tí ohun dúdú gbé mì, kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Èyí tó hámọ́ ṣì wà, kò di ooru. Àmọ́ bí ẹ bá wọn èyí tó yọ lódì kejì nìkan, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀. Orísun gbogbo àríyànjiyàn òkè yẹn nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo èyí ṣe?

Bí rúdurùdu kò bá pa ìrántí ìgbì, a jẹ́ pé a lè bá a ṣòwò. Ní 2007, Ivo Vellekoop àti Allard Mosk ní Yunifásítì Twente ní Netherlands tan lésà sí ẹ̀yìn ìpele ọ̀dà funfun tí ojú kò lè wò kọjá. Wọ́n pín iwájú ìgbì náà sí ẹyọ-ẹyọ, wọ́n ń yí fáàsì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ibì kan lódì kejì bóyá ó mọ́lẹ̀ sí i, wọ́n á sì fi èyí tó dára jù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti àyíká rẹ̀. Ọ̀dà náà ti di awò tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan.

Ìyẹn la ọ̀nà sílẹ̀. Ní 1988 ni wọ́n ti mọ̀ pé bí ẹ bá yí igun lésà díẹ̀, àmì tótòtó tó yọ lódì kejì kì í dàrú, ńṣe ló kàn ń sún. Ní 2012, Jacopo Bertolotti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo èyí láti ya àwòrán ohun tó wà lẹ́yìn ìpele tí ojú ò lè wò kọjá, láì wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ń wá bí wọ́n ṣe máa rí inú ẹran ara láì fi ọ̀bẹ kàn án ń tẹ̀lé ọ̀nà yìí lọ.

Lésà tí kò ní dígí náà wà. Vladilen Letokhov dábàá rẹ̀ ní 1968: jẹ́ kí rúdurùdu fi ìmọ́lẹ̀ pamọ́ pẹ́ nínú ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀. Ní 1994, Nabil Lawandy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po aró mọ́ wóró táíténíọ́ọ̀mù dáyọ́ksáídì, ó sì ń tàn bíi lésà.

Ti ẹlẹ́kítíróònù ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 1980, Klaus von Klitzing rí i pé ìdènà kan nínú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín mágnẹ́ẹ̀tì líle dúró gbọn-in ní óòmù 25,812.807 tàbí ìdá rẹ̀ (óòmù ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná). Lára ohun tó mú un dúró bẹ́ẹ̀ ni rúdurùdu: ó há àwọn ẹlẹ́kítíróònù kan mọ́, wọn kò lè dá sí ohun tí a ń wọ̀n. Bí ẹ̀rọ náà bá mọ́ láìní àbùkù kankan, àwọn ibi tó tẹ́jú yẹn kò ní sí.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kékeré méjì kì í jọra?

Òótọ́ ni. Ẹ ṣe wáyà wúrà méjì lọ́nà kan náà, kí wọ́n kéré, kí òtútù pọ̀. Ẹ yí mágnẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wọn iná tó ń gba inú wọn. Ìlà tó jáde á rí gbágungbàgun, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ló bà jẹ́. Ẹ tún un ṣe lọ́la, gbágungbàgun kan náà ló máa jáde. Ti wáyà kejì á yàtọ̀, àmọ́ yóò dúró ti ara rẹ̀. Ní 1985 Boris Altshuler, àti Patrick Lee pẹ̀lú Douglas Stone, fi hàn pé ìwọ̀n gbágungbàgun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún gbogbo irin: nǹkan bíi e²/h, ìyẹn ìdá kan nínú óòmù 25,813, yálà wúrà ni tàbí sílíkọ́ọ̀nù. Bí àbùkù kan ṣoṣo bá kúrò láyè rẹ̀, àwòrán náà á yí.

Bí ẹlẹ́kítíróònù bá ń ti ara wọn ńkọ́?

Ìmọ́lẹ̀ kì í sábà bá ìmọ́lẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítíróònù ń ti ara wọn, ìṣirò Anderson kò sì ka ìyẹn. Ẹlẹ́kítíróònù kan lè jẹ́ ohun tó ń mì fún èkejì, kí ó sì ba fáàsì rẹ̀ jẹ́. Ní 2006, Denis Basko, Igor Aleiner àti Altshuler jiyàn pé síbẹ̀, bí rúdurùdu bá pọ̀ tó, ìhámọ́ lè dúró, tí gbogbo wọn á wà pọ̀ láì pín ooru láàárín ara wọn. Ní 2015, ẹgbẹ́ kan ní Munich fi átọ́ọ̀mù tútù dán an wò nínú bátánì lésà méjì tí gígùn wọn kò bára mu: ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò pa rẹ́ láàárín àkókò tí wọ́n fi wò ó. Bóyá á dúró títí ayé nínú ohun tó tóbi ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Bí ìdánwò bá ṣe pẹ́ tó ni àwọn tó ní yóò tú níkẹyìn ń rí ohun sọ.